Bí A Ṣe Ń Yọ Pulọ́ọ̀gì Tó Kán Sínú Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀

Ìró rẹ̀ kì í pọ̀. "Páú!" bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ egungun adìyẹ, ọwọ́ yín á sì ṣàdédé fò síwájú pẹ̀lú sípánà, torí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ti já. Tí ẹ bá fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, orí pulọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, á tẹ̀ lé e wá, ìdí rẹ̀ á sì jókòó sínú ẹ́ńjìnì. Mo ti gbọ́ ìró yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ láti ọwọ́ ara mi, mo sì ti gbọ́ ọ láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́. Kí ẹ tó ka ohunkóhun míì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: pulọ́ọ̀gì tó kán kò tíì pa ẹ́ńjìnì yín. Ohun tí ẹ bá ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kán ló lè pa á.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà gbé Corolla rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, mú nọ́ńbà P0303 jáde, ìyẹn ni pé sìlíńdà kẹta kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní kí ọmọ tí mo ń kọ́ tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkíní jáde, ìkejì jáde. Nígbà tó dé ìkẹta, mo gbọ́ ìró yẹn láti ibi tí mo jókòó sí. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ wá wò ó." Kí n tó débẹ̀, ó ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó fẹ́ sítáàtì ọkọ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè ti èyí tó kù jáde. Mo kígbe mọ́ ọn, ó sì fa ọwọ́ padà.

Ọkọ̀ yẹn ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ: Corolla 2003 sí 2008, tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE. Ó kún ìgboro wa, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó mú iṣẹ́ yìí le lára rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ míì. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì tí pulọ́ọ̀gì ń wọ̀, ìsàlẹ̀ kòtò jíjìn ni pulọ́ọ̀gì wà, kọ́ìlì kan tó ń gbé iná fún un sì jókòó lé pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan lórí.

Ẹ dúró ná

Bó bá ti kán, ẹ gbé sípánà sílẹ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí ẹ fi sápò. Ẹ tú ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì yí ẹ́ńjìnì. Tí ẹ́ńjìnì bá ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìdí tí mo fi le mọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ni ara funfun pulọ́ọ̀gì, èyí tó jọ àwo tánganran. Bó ṣe ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn, ó le ju irin lọ. Ní orí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, dáyámọ́ńdì wà ní 10, ohun tí wọ́n fi ṣe tánganran yìí wà ní 9. Kò sí irin kankan nínú ẹ́ńjìnì yín tó tó o. Ẹyọ kan tí kò ju hóró gàrí lọ, tó bá há sáàárín písítìnì àti ògiri sìlíńdà, á ha ògiri náà láti òkè délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá lọ tó bọ̀. Lẹ́yìn náà lẹ máa rí i tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, tí èéfín búlúù ń tú ní ìdí rẹ̀. Ẹyọ yẹn sì lè há sábẹ́ fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, kí fáàfù má lè padé mọ́. Iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan á wá di ìtúpalẹ̀ ẹ́ńjìnì.

Ibo gan-an ló ti kán?

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò náà kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ẹ mú èyí tó jáde sọ́wọ́ kí ẹ wo òun náà.

Tó bá jẹ́ pé ara funfun nìkan ló ṣẹ́, tí irin onígun mẹ́fà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń dì mú ṣì pé nísàlẹ̀, ẹ dúpẹ́. Sípánà á ṣì rí i dì mú.

Tó bá jẹ́ pé irin onígun mẹ́fà náà ló já, tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, òrùka irin tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tó lọ́ yí i ká, ló kù nínú tọ́ọ̀pù. Èyí ló ń ba èèyàn lẹ́rù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mi máa dá lé.

Ẹ̀kẹta máa ń farapamọ́. Pulọ́ọ̀gì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, inú gbogbo ayé dùn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ kò pé: ṣóńṣó funfun ti ṣẹ́, tàbí irin kékeré tó tẹ̀ bí ìkọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí ẹ kò bá rí i lọ́wọ́ yín, ẹ gbà pé inú sìlíńdà ló wà, kí ẹ sì fo lọ sí apá tí mo pè ní "Inú sìlíńdà" nísàlẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé kí wọ́n to pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí àkísà bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n sì wo ẹnu ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ju ohunkóhun nù.

Ohun èlò

Sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjìn nọ́ńbà 16, onígun mẹ́fà. Ẹ má lo onígun méjìlá lórí pulọ́ọ̀gì tó ti dógùn-ún, torí ó máa ń jẹ igun rẹ̀. Ọ̀pá gígùn kan tó tọ́ tí ẹ máa fi so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 fún bóòtù kọ́ìlì. Òróró tó ń wọnú ìpẹtà, irú WD-40 tàbí èyí tó dára jù ú lọ. Pìláyà ẹlẹ́nu gígùn, gíríìsì, hámà kékeré, tọ́ọ̀ṣì, awò tí ẹ máa fi bo ojú yín. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, irú èyí tí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ń fa inú ọkọ̀. Tí ẹ bá lè rí kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ olókùn tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ẹ rà á. Kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì máa fi ohun tí ojú kò lè rí hàn yín.

Ohun tó kù ni ohun tí gbogbo mẹkáníìkì ń pè ní easy-out, irin líle tí ẹ máa kàn wọ inú òrùka tó kù kí ẹ tó yí i jáde. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan lọ́ bí ìkarahun ìgbín, èkejì sì tọ́, ó ní igun mẹ́rin tó mú. Onígun mẹ́rin ni kí ẹ rà. Èyí tó lọ́ bí ìgbín máa ń fẹ òrùka náà bó ṣe ń wọlé, òrùka tó bá sì fẹ̀ á túbọ̀ di mọ́ alumíníọ̀mù ni. Òrùka pulọ́ọ̀gì kò nípọn, ó yára fẹ̀.

Ẹ fọ kòtò mọ́

Kí ẹ tó da òróró kankan, kòtò gbọ́dọ̀ mọ́. Tí irin onígun mẹ́fà bá ṣì wà níbẹ̀, ihò ṣì dí, ẹ lè fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Fọkanáísà tó wà nítòsí yín ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ ní kó bá yín fa rọ́bà rẹ̀ wá. Ẹ bo ojú yín, kí ẹni tó bá dúró tì yín náà yẹra, torí tánganran tó ń fò kì í mọ ojú ta ni.

Àmọ́ tí orí ti já, tí ẹ ń rí òkùnkùn sìlíńdà láti inú òrùka náà, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀ rárá. Ẹ máa fẹ́ gbogbo ìdọ̀tí lọ síbi tí a kò fẹ́ kó dé. Fífà ni kí ẹ fà á. Ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó ń gbé omi lọ síbi wáípà, kí ẹ fi tépù dè é mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, kí ẹ wá kì í bọ kòtò náà díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹ bá rí ọ́ìlì tàbí omi nísàlẹ̀ kòtò, ẹ ti rí ohun tó fa wàhálà yín. Ọ́ìlì ń wá láti ara rọ́bà olórùka tó wà lábẹ́ kọ́fà òkè ẹ́ńjìnì, èyí tó máa ń gbó. Omi ń wá láti ọwọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ olómi líle fọ ẹ́ńjìnì. Ó dùn mí bí a ṣe ń ṣe èyí ní gbogbo ibi ìfọkọ̀: ẹ́ńjìnì á máa dán, oníbàárà á san owó tayọ̀tayọ̀, omi á sì jókòó sínú kòtò pulọ́ọ̀gì fún oṣù mẹ́ta, kí ìpẹtà máa fi irin lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ọkọ̀ ìyá tíṣà yẹn, omi ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ ìpẹtà inú kòtò kẹta pọ́n bí epo pupa.

Ẹ gbé písítìnì sí ibi tó yẹ

Ọ̀pọ̀ ń fo ìgbésẹ̀ yìí, èmi kì í fò ó. A fẹ́ kí gbogbo fáàfù sìlíńdà náà padé, kí ohunkóhun tó bá já bọ́ má rí ọ̀nà lọ sí ìdí wọn. A sì fẹ́ kí písítìnì wà nítòsí òkè, kí ohun tó bá bọ́ dúró sórí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ wa lè tó.

Lórí ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin bí èyí, ìkíní àti ìkẹrin jọ ń gòkè jọ ń sọ̀kalẹ̀, ìkejì àti ìkẹta náà jọ ń rìn. Tí ìkẹta bá ni tiyín, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì ìkejì. Ẹ fi nǹkan dí ihò ìkejì náà díẹ̀, bíi àkísà tí ẹ rọra tẹ̀ lé e lórí kòtò, kí ẹnì kan fi sípánà yí kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé písítìnì sókè sódò, láti ara púlì ìsàlẹ̀ sí apá ọ̀tún, jẹ́jẹ́. Ìgbà kan ń bọ̀ tí atẹ́gùn máa fi tagbáratagbára ti àkísà náà sókè. Ní àkókò yẹn, ìkejì ló ń fún atẹ́gùn, fáàfù ti ìkẹta sì ṣí. Ẹ máa yí i lọ ní odindi ìyípo kan láti ibẹ̀. Ó ti kan ìkẹta báyìí: fáàfù rẹ̀ ti padé, písítìnì rẹ̀ wà lókè. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kún un, kí písítìnì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí easy-out má lọ kàn án lórí. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òróró, kí ilẹ̀ sì mọ́

Ẹ rọra fín òróró yí etí pulọ́ọ̀gì ká, ìwọ̀nba tó máa rin ín ni. Ẹ mú irin kan tó tẹ́jú lórí, kí ẹ gbé e lé orí rẹ̀, kí ẹ fi hámà kékeré gbá a ní ìgbà mẹ́wàá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ló ń la ọ̀nà fún òróró. Ẹ tún fín in lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sílé.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ìyá tíṣà yẹn fẹ́ gbé àwọn ọmọ láti ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kábúkábú lónìí. Tí mo bá fi agídí yọ ọ́ nísinsìnyí, bóyá ni ọkọ̀ yìí máa rìn lóṣù yìí." Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì ní ìdí. Àmọ́ òru kan tí òróró fi ń ṣiṣẹ́ ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó tí n kò lè kà.

Tí irin onígun mẹ́fà bá ṣì pé

Ẹ rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ọ̀pá rẹ̀ dúró ṣánṣán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dagun ló ń ṣẹ́ pulọ́ọ̀gì jù. Ẹ fi ọwọ́ òsì di orí ọ̀pá náà mú kó má yẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fún un le díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kékeré báyìí, kí ìpẹtà lè já. Ẹ wá tú u sí apá òsì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo, kí ẹ dúró, kí ẹ dá a padà. Òróró díẹ̀ sí i. Ẹ tún tú u, kí ẹ tún dá a padà. Ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín náà gbọ́rọ̀. Pulọ́ọ̀gì tó fẹ́ jáde máa ń ké "kíì, kíì", ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n pé ohun líle ni ó ń yí. Tó bá wá rí bíi pé rọ́bà lẹ ń lọ́, tó ń tẹ̀ láì ké, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀: irin náà ń lọ́ ní ọrùn, ó sì fẹ́ já. Ẹ padà sí òróró, kí ẹ fún un ní òru míì.

Tí orí ti já

Ẹ wo inú òrùka tó kù. Ó ṣeé ṣe kí ara funfun ṣì wà láàárín rẹ̀. Inú òrùka náà ní ìkángun kan nísàlẹ̀ tí ara funfun jókòó lé, orí irin tó ti já ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè. Nítorí náà, òkè ni yóò gbà jáde. Ẹ fi pìláyà ẹlẹ́nu gígùn dì í mú, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ eyín ọmọdé, kí ẹ fà á sókè. Ẹ má gbá a sísàlẹ̀. Tó bá ṣẹ́, ẹ fa àfọ́kù rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Nígbà tí inú òrùka bá ti ṣófo, kò sídìí fún dírílì, torí ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ yan easy-out tó wọlé díẹ̀ tó sì há. Ẹ fi gíríìsì kun ẹnu rẹ̀, kí gbogbo ègé tó bá ya lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ ní ọ̀gangan àárín, kí ẹ fi hámà gbá a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jẹ irin náà. Agbára kọ́ ni ẹ nílò níbí. Tí ìró hámà bá yí padà láti "pọ́ pọ́" sí "kán kán", ó ti jókòó.

Ẹ wá yí i sí apá òsì. Ohun tí ẹ máa fi yí i gbọ́dọ̀ ní apá méjì, kí ẹ lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó di apá kẹ̀kẹ́ mú, kí agbára apá ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ọwọ́ kan ṣoṣo máa ń fa irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo rí ọ̀gá kan tó fi ìrù fáìlì onígun mẹ́ta ṣe easy-out. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń jáde nígbà míì. Lọ́jọ́ yẹn ó gbá fáìlì náà wọlé, ó fi sípánà ńlá dì í mú, ó sì fa á. Ó ṣẹ́ mọ́lẹ̀ kanlẹ̀. Irin fáìlì le gan-an, dírílì wa kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Wọ́n tú gbogbo tọ́ọ̀pù gbé lọ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ọkọ̀ náà sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bíríkì. Easy-out gidi náà lè ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi ìbínú fà á. Tí ẹ bá ti fi ọwọ́ méjèèjì yí i tó kọ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún fín òróró, kí ẹ tún jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ní ti Corolla yẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló jáde. Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yí i. Ó yí i, kò mira. Ó dá a padà, ó tún yí i. Mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ kí n tó gbọ́ "kíì" náà. Ó tó ìgbà ogún tó fi tú u tó dá a padà kí òrùka náà tó gòkè dé ẹnu kòtò, pẹ̀lú ìpẹtà pupa láàárín gbogbo eyín rẹ̀.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀

Ọ̀nà kan ṣì wà fún ọwọ́ tó ní sùúrù: ẹ fi ayùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ la òrùka náà láti inú ní ojú méjì, kí ẹ má jẹ́ kí ayùn kan tẹ́rẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù, kí ẹ wá fi ṣíṣẹ̀lì kékeré tẹ̀ ẹ́ wọ inú kó lè tú. Lórí kòtò jíjìn bíi ti Corolla, èmi kì í ṣe é láì tú tọ́ọ̀pù sílẹ̀, torí kò sí bí ẹ ṣe máa rí ibi tí ayùn ń lọ. Mo rò pé ó dára kí ẹ tú tọ́ọ̀pù, kí ẹ gbé e lọ fún oníléètì tó mọṣẹ́, ju kí ẹ ba ihò jẹ́ lọ.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń wa Ford F-150 2004 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnì 5.4 onífáàfù mẹ́ta: tiyín yàtọ̀. Pulọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ọ̀já irin gígùn kan nísàlẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, èédú ń lẹ̀ mọ́ ọn, ara méjì ni wọ́n sì so pọ̀ ṣe é. Tí ẹ bá tú u, òkè lè jáde kí ọ̀já kù sísàlẹ̀. Easy-out lásán kì í sábà gbà á. Irinṣẹ́ àkànṣe wà fún un, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Lisle ṣe, tó ń ti tánganran tó kù sísàlẹ̀ díẹ̀, tó sì ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sínú ọ̀já náà kó tó fà á jáde. Ẹ rà á tàbí kí ẹ yá a kí ẹ tó fọwọ́ kan pulọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ lórí ẹ́ńjìnì yẹn.

Inú sìlíńdà

Ihò ti ṣí. Kò tíì tó àkókò láti dé pulọ́ọ̀gì tuntun. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú sìlíńdà kí ẹ fa gbogbo orí písítìnì, etí rẹ̀ ni kí ẹ pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni ègé máa ń sá sí. Òòfà orí ọ̀pá á gbé irin, àmọ́ kò ní gbé tánganran, kò sì ní gbé alumíníọ̀mù. Torí náà, ẹ má sọ pé òòfà jáde lófìfo, inú ti mọ́. Kámẹ́rà ni kí ẹ gbàgbọ́. Ẹ ki í bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i ká, kí ẹ wo gbogbo igun.

Ẹ to àfọ́kù tánganran tí ẹ kó jáde sórí àkísà, bí ẹni ń to àwo tó fọ́. Tí ibì kan kò bá pé, ẹ tún wá a.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ihò náà jẹ́ 14 mm, àyè àárín eyín rẹ̀ sì jẹ́ 1.25 mm. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún eyín ṣe wà ní ìwọ̀n yẹn. Ẹ fi gíríìsì kún ihò ara rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé, kí ẹ sì yọ ọ́ jáde léraléra láti nu gíríìsì tó ti gbé ìpẹtà. Tí eyín bá ti ya jáde, ẹ jẹ́ kí oníléètì fi búùṣì sí i. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, torí atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì á fẹ́ pulọ́ọ̀gì náà jáde bí ìbọn.

Pulọ́ọ̀gì tuntun

Ẹ fi tuntun wé èyí tó jáde: bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe gùn tó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó bá gùn jù lè lọ kan písítìnì. Denso SK16R11 jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó bá Corolla yìí mu, 11 tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ sì ń sọ fún yín pé 1.1 mm ni àlàfo ẹnu rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú, ì báà jẹ́ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la.

Ẹ ki orí pulọ́ọ̀gì bọ rọ́bà epo kékeré, kí ẹ fi rọ́bà náà sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò, kí ẹ fi ìka méjì yí i. Tí eyín bá gba ara wọn lódì, rọ́bà á kàn máa yọ̀ ni, kò ní lágbára láti ba tọ́ọ̀pù jẹ́. Tó bá ti jókòó, tí ọwọ́ kò lè yí i mọ́, ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì fún un le. Fún pulọ́ọ̀gì tuntun tó ní wáṣà, ìdajì ìyípo sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyípo ló tó. Àwọn tó ń gun orí sípánà láti fún pulọ́ọ̀gì, àwọn ni wọ́n ń pèsè wàhálà yìí sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì kun tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun. Á yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì fún un kọjá ààlà láìmọ̀.

Tí ọ́ìlì bá ti wà nínú kòtò, ẹ pààrọ̀ rọ́bà olórùka abẹ́ kọ́fà kí ẹ tó dá kọ́ìlì padà. Ẹ so bátìrì, kí ẹ sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì tẹ tọ́rọ́túùlù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tú kọ́ìlì ìkẹta nìkan, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò. Ìyá tíṣà yẹn padà wá lọ́jọ́ Sátidé tí mo dá fún un. Ọmọṣẹ́ mi ló tan tọ́ọ̀ṣì náà, ó sì wò ó pẹ́ kó tó pè mí. Kòtò gbẹ, ó funfun nínú.